Ọ̀rọ̀ Tí Àǹtí Sáfú Fún Wa Kẹ́yìn

Èmi ni mo ba ẹ̀kọ́ Ọjọ́bọ̀ jẹ́ ní agboolé wa ní Adjamé, ní Abidjan. Kí n tètè sọ ọ́, ẹ̀yin àbúrò mi, kí ẹ má baà rò pé ẹlòmíràn ni. Lánàá, ní àdúgbò Williamsville, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Má fi Faransé dá mi lóhùn. Fi Yorùbá sọ ọ́ kó délẹ̀." Ẹsẹ̀ mi dúró gbagidi.

Nígbà náà, ilé-ìwé kì í sí ní Ọjọ́bọ̀. Àǹtí Sáfú, tí ń ta abọ́ tánńganran lọ́jà, yóò tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò, àwa ọmọ tí wọ́n bí sí Abidjan, tí Yorùbá ẹnu wa ń ta kókó bí irun tí a kò yà, yóò sì yí wọn ká. Wọn á fún wa ní ọ̀rọ̀ kan. Kálukú á fi í sínú gbólóhùn, ṣùgbọ́n ohun tó fojú ara rẹ̀ rí nínú agboolé ni yóò sọ. Ẹni tó bá parọ́ ni yóò nu gbogbo abọ́.

Mo rántí ọjọ́ "ọ̀lẹ". Mémúnà ní, "Ọ̀lẹ ni ẹ̀gbọ́n mi, ó sùn sílẹ̀, ó ní kí n máa bá òun lé eṣinṣin."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fò dìde. "Menteuse! Irọ́ ni!"

Àǹtí Sáfú rẹ́rìn-ín títí ìborùn wọn fi já bọ́. "Jókòó jẹ́ẹ́, ọ̀lẹ. Èmi náà rí ọ."

Èmi kì í yege. Bí mo bá ti lanu báyìí, ẹ̀rín ni. "Ọmọ Faransé ti dé o!" Bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ni mo mọ̀ pé Àǹtí Sáfú kò mọ̀wé kà. Bí lẹ́tà bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, wọn á pè mí wọ yàrá, wọn á ti ilẹ̀kùn, èmi á kà á. "Ọkọ mi, àárín èmi àtìrẹ nìyí o."

Lọ́jọ́ kan, "àṣírí" ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n mú wá. Àwọn ìyá wa wà nítòsí, wọ́n ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Mo nawọ́.

"Àṣírí Àǹtí Sáfú ni pé wọn ò mọ̀wé kà. Èmi ni mo ń bá wọn ka lẹ́tà wọn."

Mi ò ní purọ́ fún yín, mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo kàn fẹ́ kí ìtìjú kúrò lọ́rùn mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àǹtí Sáfú wo ọwọ́ ara wọn. "Òótọ́ ni," ni wọ́n wí. "Gbólóhùn ẹ pé. O yege."

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, wọn ò tẹ́ ẹní. Wọ́n ṣì ń bu oúnjẹ fún mi, wọ́n ṣì ń jẹ́ mi nígbà tí mo bá kí wọn, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó bá dé, àdúgbò mìíràn, Attécoubé, ni wọ́n ń gbé e lọ, kí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n bá wọn kà á. Nígbà tó yá, wọ́n padà sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ pátápátá.

Wọ́n ti gé máńgòrò náà. Faransé ni àwọn ọmọ agboolé fi ń bú ara wọn. Síbẹ̀, gbogbo Yorùbá tó já gaara lẹ́nu mi dòní, orí ẹní Àǹtí Sáfú ni mo ti rí i.

Ó ti tó ìgbà mélòó kan tí mo mú bírò láti fi tọrọ àforíjì, tí mo sì jù ú sílẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́, ọmọ ẹlòmíràn ni yóò kà á sí wọn létí, àṣírí náà yóò sì tún tú lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi fúnra mi ni mo gbọ́dọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí n dọ̀bálẹ̀, kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Gbèsè tí mo jẹ wọ́n nìyẹn. Mi ò tíì lọ.