Ọ̀dà Pupa Ní Ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Láídé

Kò sí àwọ̀ tí ẹ ò ní rí ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ òkìrìkà Àǹtí Láídé ní Agboju, àfi pupa. Èmi Ìyá Ìfẹ́dayọ̀ tí mo ń dirun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, kò rẹ́rìn-ín rí. Ṣọ́ọ̀bù tó kọ́kọ́ ní lọ́nà Trade Fair, àwọn ìjọba tó ń wó ilé kiri ló fi ọ̀dà pupa kọ X sára ẹ̀. Ó rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Kátápílà wó o mọ́ ọjà lórí. Láti ìgbà yẹn, tó bá ti rí ọ̀dà pupa báyìí, á yíjú kúrò.

Àmọ́ ọwọ́ obìnrin yẹn ò mọ̀ ọ́n jókòó. Táyà àlòkù, ó fi jíǹsì tó ti ya wé e, ó di àga. Àkàbà tó ti kán ló gbé rọ̀ sókè, aṣọ ló ń fi kọ́. Síídì ìwàásù tí bàbá ẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìntì, gbọ́ títí tó fi họ, ó so wọ́n mọ́ okùn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń kọ mọ̀nà. Láńlọ́ọ̀dù wa fúnra ẹ̀ ló ní kó kan pákó bo ògiri iwájú, pé á tún dùn ún wò sí i. Mo ní, ẹ wo láńlọ́ọ̀dù tó mọ nǹkan tó dáa! Túnjí káfíńtà bá wá pákó àlòkù wá, ó fi ẹfun kùn wọ́n, ó kàn wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, òjò rọ̀ mọ́jú. Bí mo ṣe débẹ̀ láàárọ̀, yéè! X pupa gàdàgbà níwájú ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Láídé! Mo figbe ta. Ẹ̀rù bà mí débi pé kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Kí n tó mú un nílẹ̀, gbogbo láìnì ṣọ́ọ̀bù wa ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́.

Àǹtí Láídé sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwà. Ó rí i. Inú ẹrọ̀fọ̀ ló kúnlẹ̀ sí.

"Wọ́n tún ti rí mi. Jésù, wọ́n tún ti rí mi."

Ó dìde, ó ń rọ́ aṣọ sínú àpò. Mo ń bá a kó o, mi ò lè wojú ẹ̀.

Àfi bí Túnjí ṣe sáré dé. "Àǹtí, ẹ dákun, ẹ dúró ná! Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan sí ṣọ́ọ̀bù yín. Ilé tí wọ́n wó ni mo ti ra pákó yẹn, X ti wà lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fi ẹfun bò ó torí mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ rí pupa. Òjò ló fọ̀ ọ́."

Ha! Mo gbá Túnjí létí, mo tún dì mọ́ ọn. Ẹ̀rín pa wá. Àwọn tó ti kó ẹrù síta ń kó o wọlé padà, wọ́n ń bú Túnjí tẹ̀ríntẹ̀rín. Àǹtí Láídé nìkan ni ò rẹ́rìn-ín.

"Yọ ọ́. Yọ ọ́ kúrò lójú mi báyìí."

Túnjí fi òòlù yọ ọ́. Òjò ti rin ògiri, ọ̀dà funfun tí láńlọ́ọ̀dù kùn kó tó gbà wá wọlé sì ti lẹ̀ mọ́ pákó, ó ṣí tẹ̀lé e.

X pupa mìíràn wà lábẹ́ ẹ̀, lára ògiri gan-an.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wa. Mo yíjú wo ògiri tèmi: ọ̀dà funfun kan náà ni. Túnjí gbé òòlù ẹ̀ síbẹ̀, mo ní kó má fọwọ́ kàn án, kó jọ̀ọ́, kó má fọwọ́ kàn án.

Àǹtí Láídé ti padà sídìí àpò ẹ̀.

"Ìyá Ìfẹ́dayọ̀," ó ní, kò gbójú sókè, "lọ kó tìẹ náà."