Wákàtí Kan Láìdúró, Àfi Ìgbà Tí Mo Bá Ń Kí Àgbà

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé tó kọjá, nígbà tí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ wo aago ọwọ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Adigbe, tó ní, "Ó yá, máa lọ." Láti ìgbà náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́.

Alàájì ni gbogbo wa ní ọ́fíìsì ń pe ọ̀gá yìí. Ó sáré dáadáa nígbà èwe rẹ̀, ó sì fẹ́ kó àwa òṣìṣẹ́ mélòó kan jọ láti bẹ̀rẹ̀ ìgbaradì fún eré márátọ́ọ̀nù. Kò bìkítà bóyá èèyàn yára. Ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè: kí o rìn, tàbí kí o sáré díẹ̀díẹ̀, fún wákàtí kan gbáko láìdúró. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kó lọ máa fi oṣù mẹ́ta rìn ná. Èmi kì í yára. Lọ́dún tó kọjá tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀, gbogbo àgọ́ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé èmi padà. Títí di òní, tí mo bá rántí ẹ̀rín ọjọ́ yẹn, etí mi á gbóná. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún fi ọkọ̀ gbé mi.

Alàájì gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé mi. Mo ń sá lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti jókòó síwájú ilé wọn, èmi náà á dúró, màá dọ̀bálẹ̀, wọ́n á béèrè àlàáfíà ilé, wọ́n á ṣàdúrà, màá ṣàmín, kí n tó tún gbéra. Nígbà tó yá, Alàájì ní, "Wákàtí ti pé. O yege!"

"Mo dúró, sà. Mo dúró lọ́pọ̀ ìgbà."

"Ìkíni lo dúró fún. Mo ti jẹ́ kí o sá iye àsìkò yẹn kún un. Àbí kí ọmọ Ẹ̀gbá máa sáré kọjá lára àgbà bí ewúrẹ́?"

Mo kọ́kọ́ fura sí Alàájì. Orúkọ méjì péré ló wà nínú ìwé tó ń kọ orúkọ àwọn tó máa sáré sí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èèyàn tó máa kún ìwé náà ló kàn ń wá. Lẹ́yìn náà ni mo wá fura sí ara mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àgbà méjì péré ni mo kí. Nígbà tí mo wá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí itan ń ro mí, kò sí ẹni tí n kò kí. Mo tilẹ̀ tẹ̀ríba fún ọmọbìnrin kan tó ń gbálẹ̀, tí mo lè fi ọdún márùn-ún jù lọ. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kọ́kọ́ kí èémí yín ná!"

Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdé, mo dá jáde. Mo pinnu pé bí mo ṣe ń sáré lọ ni màá máa kíni, láìdúró. N kò tíì jìnnà tí bàbá arúgbó kan fi pariwo: "Ìwọ! Ní Sátidé o dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi. Ṣé mo ti kú látìgbà náà ni?"

Mo padà, mo dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí àyà mi kan ilẹ̀, inú mi dùn pé ó pè mí. Ìdùnnú yẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹnì kan ní kí n lọ sáré lọ́nà Ewékorò, níbi tí kò ti sẹ́ni tó jókòó síta. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù àti eruku sìmẹ́ǹtì ló wà níbẹ̀. Tí mo bá ṣubú, ta ni yóò mọ̀?

Lọ́jọ́ Ẹtì ni Alàájì yóò pa ìwé orúkọ náà dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti sáré rí ní ìlú tí wọ́n ti mọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kọ orúkọ mi sílẹ̀, àbí kí n lọ fi oṣù mẹ́ta rìn? Báwo sì lèèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá ọ̀wọ̀ ló mú òun dúró, tàbí àárẹ̀?