Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́ Tó Lé Ìyàwó Ilé Wa Nídìí Ààrò

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà tí mo padà sí ilé bàbá mi ní Ìsẹ́yìn, ikọ́ kan ò jẹ́ kí n gbádùn. Mo wo fídíò lórí fóònù títí mo fi mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ ṣe ẹ̀rọ tó ń wọn eruku àti èéfín inú afẹ́fẹ́. Mo ra àwọn èròjà rẹ̀ tí kò wọ́n, mo fi òjé jó wáyà wọn pọ̀, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ ike tí mo lu ihò sí lára, mo sì gbé e kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bí iye tó ń fi hàn bá ti ga, èéfín ti pọ̀ nìyẹn. Láràárọ̀ ló ń ga. Iwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi gan-an, lẹ́bàá títì, ni ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń yan gàrí tà. Kí ni mo tún ń wá? Mo gbé ẹ̀rọ náà lọ síwájú àwọn àgbà ilé, mo ṣàlàyé bí ẹni tó dúró nídìí pátákó ìkọ̀wé. Kò sẹ́ni tó bá tíṣà jiyàn. Wọ́n ní kí ìyàwó gbé ààrò rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n sì fi àyè rẹ̀ fún ẹni tó ń tún ọ̀kadà ṣe. Ó gbé agbada rẹ̀, ó lọ.

Síbẹ̀, iye náà ò wálẹ̀ láàárọ̀. Àfi lọ́jọ́ tí orúnkún ń dùn mí tí mi ò lè gbálẹ̀. Ìgbà náà ni mo tó wo ẹ̀yìn fèrèsé ara mi. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà, n kì í jẹun àárọ̀ láìgbálẹ̀, kí n kó ewé àti ọ̀rá jọ, kí n sì ṣáná sí i. Kí ìyàwó tó dáná, tèmi ti ń rú lẹ́yìn fèrèsé. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ purọ́ o. Èéfín ló ń wọ̀n, kì í sọ ẹni tó dáná.

Mo sọ fún àwọn àgbà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹni tó ń tún ọ̀kadà ṣe ti kọ́ àtíbàbà síbẹ̀. Mo wá lọ bá ìyàwó níbi tí oníbàárà kì í dé, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bọ̀ wá lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi.

Kò dáwọ́ gàrí dúró. “Bàbá, kí n tún wá jókòó síwájú ẹ̀rọ tó lé mi? Bó bá tún rí nǹkan mìíràn ńkọ́?” Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè. “Ẹ ò tiẹ̀ bi mí pé ìgbà wo ni mo ń dáná.”

Òótọ́ ni. Bí ọmọ iléèwé bá kọ ìdáhùn láìka ìbéèrè, ṣe ni mo máa ń dá ìwé rẹ̀ padà.

Mi ò dáná sun pàǹtí mọ́. Bí ẹnìkan bá sọ̀ lórí ọ̀kadà tó ń wá onígàrí, mo máa ń dìde mú un lọ sẹ́yìn ilé. Wọn kì í pọ̀. Ìyàwó ṣì ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀ bó ṣe yẹ. Èmi ni mi ò lè wo ojú rẹ̀.