Wàláà Tí Mo Fọ̀ ní Oníru

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó kọjá, Àáfà wa ní Ajah pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ìyá Nímọ́tà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yẹn gbé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lọ sí ilé àwòrán mọ́." Ìkìlọ̀ yìí ló mú mi kọ̀wé, nítorí mi ò tíì mọ ohun tí màá ṣe.

Ó pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń fi férémù sí àwòrán, tí mo sì ń gbé wọn kọ́ ògiri fún ilé àwòrán kan ní Oníru. Èmi kì í ṣi ìwọ̀n. Mo ti gbé àwòrán Màríà kọ́, mo ti gbé ère òrìṣà kọ́, kò dà mí láàmú, torí kì í ṣe ọmọ mi ló ṣe wọ́n.

Àfi ìgbà tí Àǹtí Bísọ́lá, tó ni ibẹ̀, rí wàláà, pátákó ilé-kéú, tí Nímọ́tà ọmọ mi fi tàdáwà, yíǹkì ilé-kéú, kọ Àlùkùránì sí. Wọ́n ní kó mú un wá fún àfihàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ àfihàn náà, mo bá wàláà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi bàtà kàn án, kí ló máa dé bá ọmọ mi? Mo ṣe bí ìyá mi ṣe kọ́ mi: mo fi omi mímọ́ fọ ọ̀rọ̀ náà kúrò sínú abọ́, mo da omi náà sídìí igi àgbọn níbi tí ẹsẹ̀ ò ní tẹ̀ ẹ́. Mo wá gbé pátákó kọ́. Ó gún régé.

Àǹtí Bísọ́lá wọlé. "Ta ló pa iṣẹ́ ọnà yìí rẹ́?"

"Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni mo fọ̀, mà."

"Méjèèjì ni, Ìyá Nímọ́tà."

Ìyẹn ò tíì yé mi dòní.

Nímọ́tà wo pátákó, ó wo abọ́. "Mọ́mì, èmi ni mo gbé e síbẹ̀ kí atẹ́gùn lè mú un gbẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ ọ́. Ẹ ò tiẹ̀ bi mí."

Wọ́n fi pátákó òfìfo náà sílẹ̀ lára ògiri. Àlejò kan bi mí pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní wọ́n ti fọ̀ ọ́ ni. Ó mi orí bí ẹni pé mo wàásù.

Ilé àwòrán náà tún ti pe Nímọ́tà báyìí, ṣùgbọ́n kì í fi ohun tó ń kọ hàn mí mọ́. Bí mo bá ní kó má lọ, ó lè lọ láìsọ fún mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin onílé àwòrán, ẹ má gbé wàláà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀yin òbí bíi tèmi, kí ẹ tó bu omi, ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ yín.