Òkúta Tí Àtọ́kẹ́ Fi Ń Ṣe Àlùwàlá

Sàídì aránfìlà kì í ṣe ahun. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́lòmíì tó bá a sọ ọ́ ní gbogbo Bẹ́yẹrúnká. Ohun tó ń bá a jà ni pé gbogbo ibi ìgbafẹ́ n'Ìbàdàn ló ní ẹnu ọ̀nà, gbogbo ẹnu ọ̀nà ló sì ní ẹni tó jókòó síbẹ̀ tó ń gbowó. Nítorí náà, bí Iléyá bá dé, tí àwọn ará ilé yòókù ń kó ọmọ wọn lọ wo kìnnìún, Sàídì á kó àwọn tirẹ̀ lọ ṣa òkúta. Odò kì í já tíkẹ́ẹ̀tì fúnni.

Ẹ má rò pé àwọn ọmọ náà ń sunkún o. Mẹ́ta ni wọ́n: Sìdí tó dàgbà jù, Mùfútáù tí ẹnu rẹ̀ kì í pa mọ́, àti Rábì tó ṣì ń béèrè pé kí wọ́n pọ̀n òun. Ní ọjọ́ kejì ọdún, wọn á wọ mọ́tò Mọníyà lọ sí abúlé bàbá Sàídì, níbi tí odò kan ti ń ṣàn gba ìdí àpáta kọjá. Ìyá Sìdí á di ẹran ọdún sínú abọ́. Sàídì á ká ṣòkòtò dé orúnkún, á wọnú omi, á sì fi asẹ́ ògì máa sẹ́ yanrìn. Lọ́dọọdún ni Ìyá Sìdí máa ń búra pé asẹ́ òun kò ní kúrò nílé mọ́. Lọ́dọọdún náà ni asẹ́ máa ń bá wọn wọ mọ́tò.

Kí n sọ òótọ́, ọkùnrin náà fẹ́ràn òkúta. Bó bá rí èyí tó ń dán, á fi omi ṣàn án, á gbé e sójú oòrùn, á sì pe àwọn ọmọ pé kí wọ́n wá wò ó, ojú rẹ̀ á wá dà bíi tọmọdé. Gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣà ló ń tò sójú fèrèsé yàrá rẹ̀. Àwọn òkúta náà pọ̀ débi pé fèrèsé ọ̀hún kò ṣe é tì mọ́. Bí òjò bá ń rọ̀, wọn a gbé ibùsùn kúrò nídìí fèrèsé, wọn a fi òkúta sílẹ̀.

Àtọ́kẹ́ ìyá rẹ̀, tí gbogbo agbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, kò rí nǹkan kan nínú òkúta títí àìsàn fi dé. Ọṣẹ dúdú ló tà l'Ọ́jà'ba láti ìgbà èwe. Nígbà tí òtútù wọ̀ ọ́ láyà, dókítà ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan omi tútù ní ìdájí mọ́. Ààfáà Yékínì sì sọ fún un pé ẹ̀sìn kò nira: kí ó wá òkúta tó mọ́, kí ó fọwọ́ pa á, kí ó fi pa ojú àti ọwọ́, àlùwàlá ti dé nìyẹn. Sàídì lọ sójú fèrèsé, ó sì mú èyí tó dáa jù fún ìyá rẹ̀. Sìdí ló rí i lódò nígbà tó ṣì kéré. Ó kún ọwọ́, ó ń dán, àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ rí bíi ti ewé, inú rẹ̀ sì pupa bí bàrà tí a là.

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Àgbà ti ń fi kírun. Ó máa ń sọ pé nígbà tóun ń tajà, iwájú orí òun lásán ló ń kan ilẹ̀, ọkàn òun wà lọ́dọ̀ oníbàárà. Àwọn ìrun orí òkúta yìí ló fọkàn kí. Àwọn ló gbójú lé pé òun máa kó lọ bá Ọlọ́run.

Iléyá ọdún 1997 ni wọ́n dé odò tí wọ́n bá àwọn agbẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí òkìkí òkúta olówó iyebíye kàn nìyẹn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bọ́lájí, tó ní ṣọ́ọ̀bù l'Ójòó tó ti ń ra òkúta, wà láàárín wọn. Ó ṣèèyàn. Ó gbé ègé òkúta kékeré kan sójú oòrùn han àwọn ọmọ.

"Ẹ wo inú ẹ̀ bó ṣe pupa. Èyí lojúlówó."

Mùfútáù wò ó. "Ti Ìyá Àgbà tóbi ju èyí lọ," ló wí.

"Ìyá Àgbà wo?" Bọ́lájí bi í, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

Sàídì kò tíì bọ́ bàtà nílé tí Mùfútáù ti ròyìn tán. Inú agbo ilé dùn. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá Sàídì, pa òwe Sókótó àti ṣòkòtò, òwe tí n kò ní yọ yín lẹ́nu pẹ̀lú ẹ̀, ó sì ní páànù òrùlé ni kí wọ́n kọ́kọ́ rà. Inú Ìyá Àgbà nìkan ni kò dùn. Ó ní kí wọ́n bá òun pe Ààfáà Yékínì.

Ààfáà jókòó. "Òkúta dáa, Màmá. Yanrìn dáa. Ṣùgbọ́n wúrà, fàdákà àti òkúta iyebíye, ìwé ò gbà ká fi wọ́n ṣe àlùwàlá."

"Èyí tí mo ti kí ńkọ́?"

"Ẹni tí ò mọ̀, Ọlọ́run ò ní bi í. Ìgbà téèyàn bá mọ̀ ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀."

"Tó bá jẹ́ iyebíye ni, mo máa san gbogbo ìrun náà padà. Ọkàn mi ò ní balẹ̀," Ìyá Àgbà wí.

Bẹ́ẹ̀ ògiri ló ń dì mú kó tó lè dìde lẹ́yìn ẹyọ ìrun kan. Ó ti òkúta náà sẹ́yìn ẹní, kò fọkàn tán òkúta kankan mọ́, ó sì bu omi tútù ṣe àlùwàlá. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ikọ́ rẹ̀ ti dé ìta. Ó dun Sàídì wọra. Òun ló mú òkúta náà fún un.

"Gbé e lọ bi wọ́n," Ìyá Àgbà wí fún un láàárọ̀. "Ohun tí wọ́n bá sọ ni kóo wá sọ fún mi."

Sàídì mú Sìdí dání, nítorí òun ló kọ́kọ́ rí i. L'Ójòó, Bọ́lájí tan tọ́ọ̀ṣì sínú òkúta náà. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn. Ó wá dárúkọ iye kan. Sàídì ní kó tún un pè, kì í ṣe pé kò gbọ́. Ó ro páànù òrùlé. Ó ro ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun. Ó ro ìyá rẹ̀ bó ṣe di ògiri mú.

"Ẹ fún mi lókùúta mi, ẹ jọ̀ọ́."

Bọ́lájí fi kún owó náà.

"Ẹ má fi kún un mọ́," Sàídì bẹ̀ ẹ́. "Ẹ má fi kún un mọ́, nítorí Ọlọ́run."

Nínú mọ́tò, Sìdí ní, "Bàbá, kí la máa sọ nílé?"

"Òkúta ni."

"Ṣùgbọ́n wọ́n ní…"

"Ṣé òkúta kọ́ ni?"

Sìdí rò ó. "Òkúta ni."

"Ẹ̀ṣẹ̀ tó bá wà ńbẹ̀, èmi ni mo ni ín. Dákẹ́ ẹnu ẹ."

Gbogbo ilé ti jókòó dè wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sàídì ní òkúta lásán ni, kò ju kọ́bọ̀ lọ. Bàbá Kékeré pòṣé, ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi ṣófo. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ méjèèjì gba òkúta náà, ó gbé e mọ́ àyà. "Alihamudulilai," ló ń wí ṣáá, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó fọwọ́ pa òkúta, ó fi pa ojú, ó fi pa ọwọ́. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí ojú ọmọ rẹ̀.

"Sàídì, mo mọ̀ pé ó dùn ọ́. Mo mọ̀ bóo ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Owó tí ò bọ́ sí wa lọ́wọ́ yìí, Ọlọ́run á fi èyí tó jù ú lọ rọ́pò fún ẹ."

"Àmín, Ìyá mi," ni Sàídì wí.

Sìdí tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ náà ṣe àmín.