Igi Àgbọn Ọláolú

Èmi Ọmọ́níkẹ̀ẹ́ yìí, mo mọ irọ́ pa, n ò ní purọ́ fún yín. Ta ló máa ta iná mọ́tò tòkunbọ̀ lọ́jà Ládìpọ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún tí ò ní mọ irọ́ pa? Àmọ́ èyí tí mo pa fún ìyá tó bí mi, ó ń jẹ mí lọ́kàn débi pé n kì í lè sùn.

Ọdún kẹta rèé tí òkun gba ilé wa ní abúlé Ìdí-Àgbọn, tí mo mú Màámi wá sí Muṣin, sínú yàrá kan ṣoṣo tí mò ń gbé. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, òjìji nìkan ni wọ́n ń rí. Wọn ò dárò ilé, wọn ò dárò ẹrù. Igi àgbọn kan ni wọ́n ń béèrè ṣáá. Ìdí igi yẹn ni Bàámi ri ìwọ́ ẹ̀gbọ́n mi Ọláolú mọ́ nígbà tí wọ́n bí i. Lọ́dọọdún ni Bàámi ń fi àdá ṣá igi náà ní àpá kan títí ó fi pé méje, kí gbogbo abúlé lè mọ̀ pé àgbọn ọmọ òun nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni Ọláolú nígbà tó bá àwọn apẹja lọ dẹ àwọ̀n. Ọkọ̀ padà, òun ò padà. A ò rí òkú rẹ̀ sin. Ìdí igi yẹn ni Màámi ti ń sunkún rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kí i láràárọ̀.

Lóṣù tó kọjá, wọn ò jẹun mọ́. "Níkẹ̀ẹ́, jọ̀ọ́, mú mi lọ jókòó tì í. Ọjọ́ kan péré."

Mo pe Yẹ̀kínnì, ọmọ àbúrò Bàámi, tó ṣì ń pẹja níbẹ̀.

"Àǹtí mi, òkun ti gbé igi yẹn lọ láti ìgbà òjò. Ẹ tètè sọ fún Màmá o."

Kí n sọ ọ́? Ẹnu tèmi yìí? Mo ní kó wá igi àgbọn mìíràn fún mi.

Ní Sátidé, mo ti ṣọ́ọ̀bù, a wọ bọ́ọ̀sì, a wọ ọkọ̀ ojú omi. Yẹ̀kínnì ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè wá lábẹ́ igi kan. Kò wo ojú mi. Màámi fẹ̀yìn tì í, wọ́n mí kanlẹ̀.

"Ọláolú, mo dé o."

Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ń bá igi náà sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, èmi ń wo àwọn ọkùnrin tó ń fa àwọ̀n bọ̀ létí omi. Atẹ́gùn ń fẹ́, èéfín ẹja tí àwọn obìnrin ń yan ń ta sí wa nímú. Màámi mu omi àgbọn, wọ́n jẹ ẹja tútù kan tán, wọ́n lá ọwọ́, wọ́n ní Yẹ̀kínnì ò tíì mọ ata lọ̀. Ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀yin ará, mo na ẹsẹ̀ sínú iyanrìn, mo sùn lọ ní ọ̀sán gangan, èmi tí n kì í jókòó! Mo ní Ọlọ́run á foríjì mí, ṣebí wọ́n ti jẹun.

Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ lọ, Màámi ní kí n fa àwọn dìde, àwọn fẹ́ kí ọmọ àwọn pé ó dàbọ̀. Wọ́n na ọwọ́ sí ara igi, wọ́n ń fọwọ́ wá nǹkan. Àpá! Ọmọ́níkẹ̀ẹ́, ṣé orí ẹ pé báyìí? Mo máa ń yẹ gíláàsì iná wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó rà á, mo wá gbàgbé àpá méje!

Wọ́n yí igi náà po lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n tún yí i po.

"Ẹ ò tiẹ̀ rántí ṣá a lápá fún mi," ni wọ́n sọ.

Yẹ̀kínnì dọ̀bálẹ̀. Èmi ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ìgbà wo ló lọ?"

"Ìgbà òjò, Mà," ni Yẹ̀kínnì dáhùn.

"Òkun tún ti gbé e lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn."

Wọn ò bú mi. Ká ní wọ́n bú mi ni, ìbá sàn. Nínú ọkọ̀, mo fi ìborùn mi bò wọ́n léjìká, wọ́n jẹ́ kí n bò wọ́n. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gúnlẹ̀ kí wọ́n tó yíjú sí mi.

"Níkẹ̀ẹ́, gbogbo ọ̀rọ̀ inú mi tí mo sọ láti àárọ̀ yẹn, igi ọmọ ta ni mo sọ ọ́ fún?"

Títí di òní, wọn ò jẹun, omi nìkan ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi.