Kápúsù Tí Mi Ò Jẹ́wọ́ Rẹ̀

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Mo rò pé ó ṣubú ni. Ìyá ọkọ mi, tí a jọ ń gbé ní àdúgbò Idaw River, fi omi gbígbóná àti òrí wọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ọmọ ké, "Grandma, e dey pain me!"

Màmá ní, "Farabalẹ̀, ọmọ òyìnbó. Eegun ẹ ló ń gùn."

Lọ́jọ́ kẹta, ibà dé. Abẹ́ orúnkún rẹ̀ wú, ó ń dán, ó gbóná bí ìdí ìkòkò. Mo ra kápúsù ní kẹ́míìsì, mo ń tú u sínú ògì fún un. Ibà rọ̀, ọkàn mi balẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ibà tún gbé e, kò lè tẹlẹ̀ mọ́. Mo pọ̀n ọ́n lọ sí ọsibítù.

Ìyá tó ṣáájú mi ti jẹ èébú lọ́wọ́ dókítà obìnrin kan níṣojú gbogbo wa nítorí oògùn kẹ́míìsì. Nígbà tí dókítà obìnrin náà bi mí bóyá mo ti fún ọmọ ní oògùn, mo ní, "Rárá o. Panadó nìkan."

Wọ́n la ẹsẹ̀ ọmọ náà, wọ́n gba ọyún inú eegun lọ ṣe àyẹ̀wò, kí wọ́n lè mọ kòkòrò tó wà níbẹ̀ àti oògùn tí yóò pa á. Lọ́jọ́ kẹta èsì dé: wọn ò rí kòkòrò kankan. Ẹsẹ̀ sì ń wú lọ.

Dókítà ní, "Inú òkùnkùn la ń sọ òkò sí, màdáámù. Eegun yìí lè jẹrà."

Ó ti rẹ̀ mí. Ọmọ pípọ̀n kì í rẹni tó irọ́. Mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, mo fún un ní kápúsù. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko."

Ó ní, "Òun ló jẹ́ kí kòkòrò náà sá pamọ́. Kí lorúkọ ẹ̀?"

Mo pe Màmá lórí fóònù kó bá mi ka ara páálí.

"Ìyàwó, sùúrù, kí n wá gíláàsì mi ná!"

Bó ṣe kà á tán ni dókítà mí kanlẹ̀. Irú oògùn kan náà ni wọ́n ń fún un ní ọsibítù, kò sì lè pa kòkòrò náà tán. Ó pa orúkọ oògùn náà rẹ́ nínú ìwé, ó kọ òmíràn, abẹ́rẹ́ inú iṣan, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Lọ́jọ́ kẹfà tí abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀, ibà lọ. Ọmọ ní kí n gbé òun sọ̀kalẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ó yára ká a sókè. Mo ní kó fi ìrìn sílẹ̀ ná. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣì kù.